Ìtàn Cienciano ti Cusco: ẹ bá mi dá sí i kí n tó gbé e sórí rédíò

OlóhùnÀárọ̀:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo máa ń ṣe ètò eré ìdárayá lórí rédíò kan níbí ní Ìbàdàn, láràárọ̀ Sátidé. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a máa ń mú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan láti òkè òkun, a ó sì sọ ìtàn rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, ìṣẹ́jú 25. A ti sọ ti Santos, a ti sọ ti Boca Juniors. Lóṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ kúrò lára àwọn tí gbogbo ayé mọ̀. Cienciano ni mo fẹ́ sọ, ẹgbẹ́ ìlú Cusco lórílẹ̀-èdè Perú.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi kò tíì pọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n na River Plate ti Ajẹntínà nínú àṣekágbá Copa Sudamericana ní 2003, àti pé kò sí ẹgbẹ́ Perú kankan tó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà rí ṣáájú wọn. Àmọ́ ibi gbogbo tí mo bá yà sí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń bá pàdé: ìlú wọn wà lórí òkè, àlejò kì í rí èémí mí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi borí. Ọkàn mi ò gbà pé ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí. Níbo ni kí n ti mú un? Kí ni kí n fà gùn, kí ni kí n fò kọjá? Ẹ sì bá mi fi bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ wọn kún un, kí ojú má baà tì mí lórí afẹ́fẹ́.

BàbáMapó:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ilé ìwé ni kí o ti mú un.

Simón Bolívar, ẹni tó ṣáájú ogun tí wọ́n fi gba ara wọn lọ́wọ́ Sípéènì, dé Cusco ní 1825. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún yẹn, ó pàṣẹ kí wọ́n dá ilé ìwé kan sílẹ̀ nílùú náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Colegio Nacional de Ciencias. “Ciencias” ni àwa ń pè ní sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tó bá kàwé níbẹ̀, cienciano ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó di 1901, ní ọjọ́ 8 oṣù Keje kan náà, ọjọ́ ìbí ilé ìwé wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Orúkọ ọmọ ilé ìwé ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ títí dòní. Kò jẹ́ orúkọ ìlú, kò jẹ́ ti ẹni mímọ́, kò jẹ́ ti ọlọ́rọ̀ kankan. Àwa tí a mọ ohun tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde lè ṣe láàárín ìlú, ìyẹn á yé àwọn olùgbọ́ rẹ kí o tó sọ̀rọ̀ tán.

Láti ibẹ̀, sáré kọjá. Fún ọdún tó lé ní 60, bọ́ọ̀lù Lima àti Callao, èbúté ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀lù Perú. Ọdún 1966 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn líìgì àgbà fún àwọn ẹgbẹ́ ìgbèríko, wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Descentralizado, èyíinì ni pé wọ́n ti tú u kúrò lójú kan. Ó tún di 1976 kí ẹgbẹ́ kan láti ìta Lima àti Callao, Unión Huaral, tó gba líìgì náà, lẹ́yìn náà Melgar ti Arequipa ní 1981. Bí o bá sọ ìyẹn, ẹni tó ń gbọ́ á mọ bí ọ̀nà Cusco ṣe jìn tó.

Adéọlá_Onírìnàjò:
Ẹ kú àdúrà o. Mo ti dé Cusco, iṣẹ́ ló gbé mi lọ, ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò. Mo bẹ yín, ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ òkè yẹn. Ẹ kàn ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ni, nítorí àwa tí a dàgbà sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Cusco fi nǹkan bí mítà 3,400 ga ju omi òkun lọ. Jos tí à ń pè ní ìlú òkè, nǹkan bí mítà 1,200 ni tirẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, àtẹ̀gùn ilé ìtura ni mo gùn, àtẹ̀gùn kan péré, mo sì ní láti dúró láàárín rẹ̀ bí ẹni tó sáré láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀. Orí ń fọ́ mi, oorun ò wá. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé náà gbé tíì ewé koka wá fún mi, ó ní kí n má jẹun púpọ̀, kí n má sì yára ṣe ohunkóhun. Ọjọ́ kẹta ni mo tó di ènìyàn.

Ẹ wá fojú inú wo ẹni tí wọ́n ní kó sáré fún 90 ìṣẹ́jú nínú irú afẹ́fẹ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bá ibẹ̀ mu. Bọ́ọ̀lù pàápàá ń yára sí i, nítorí afẹ́fẹ́ fúyẹ́, kò dá a dúró bó ṣe ń dá a dúró lọ́dọ̀ wa. Aṣọ́lé tó bá fi ojú èbúté wo bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀, ó ti pẹ́. Ẹ fi ohùn èémí sí ìbẹ̀rẹ̀ ètò yín, kí àwọn olùgbọ́ gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀.

KóòṣìTáíwò:
Mo gba gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n Adéọlá sọ nípa ara, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí òkè gba ife-ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọdé ni mo ń kọ́, mo sì ti rí bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń ba ọkàn wọn jẹ́: kí ẹni kékeré borí, kí wọ́n ní ilẹ̀ ló bá a borí.

Ẹ jẹ́ ká rin ọ̀nà 2003 yẹn. Wọ́n yọ Alianza Lima, ará ilé wọn. Wọ́n wá bá Universidad Católica ti Chile: 4-0 ní Cusco, wọ́n sì fìdí rẹmi 3-1 ní Santiago. Níbẹ̀, mo gbà, òkè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Santos ni wọ́n tún bá pàdé, Santos ìgbà Robinho àti Diego, tó gba líìgì Bràsíl ní 2002, tó sì dé àṣekágbá Libertadores, ìdíje tó ga jù fún àwọn ẹgbẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, ní 2003 yẹn gan-an. Cienciano lọ sí Vila Belmiro, pápá Santos ní ìlú èbúté tó wà létí òkun, wọ́n ta ọ̀mì 1-1. Ìgbà tí wọ́n padà délé, wọ́n na Santos 2-1. Ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Atlético Nacional ti Kòlóńbíà: wọ́n lọ sí Medellín, wọ́n na onílé 2-1 nínú ilé rẹ̀. Wọ́n tún nà án 1-0 ní Cusco.

Àṣekágbá ńkọ́? Abala kìíní, ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ní pápá River ní Buenos Aires. Manuel Pellegrini ni akọ́nimọ̀ọ́gbá River, Marcelo Salas wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. 3-3 ni wọ́n gbá. Góòlù mẹ́ta, nílé River, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ tí kò gba líìgì orílẹ̀-èdè ara rẹ̀ rí! Ẹ dúró síbẹ̀ dáadáa lórí rédíò. Ibẹ̀ ni ìtàn wà.

Abala kejì, ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, ẹ gbọ́ o: wọn kò gbá a ní Cusco rárá. Wọ́n ní pápá tí yóò gba àṣekágbá gbọ́dọ̀ gba èrò 40,000, ti Cusco kò sì tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Arequipa ni wọ́n gbé e lọ, ìlú tó fi mítà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan rẹlẹ̀ ju Cusco lọ. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n kúrò lórí òkè wọn nínú àṣekágbá náà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni.

OlóhùnÀárọ̀:
Kóòṣì, ẹ ṣeun gan-an. N kò mọ ọ̀rọ̀ Arequipa yẹn rárá. Mo ti kọ “nílé wọn ní Cusco” sínú ìwé tí mo fẹ́ kà. Mo ti pa á rẹ́ báyìí.

Adéọlá_Onírìnàjò:
Mo ti gbọ́ o, Táíwò. Mi ò mọ̀ pé Medellín náà ni wọ́n ti borí. Ṣùgbọ́n má yọ òkè kúrò. Ẹni tó ń sáré lórí mítà 3,400 lójoojúmọ́, nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀ wá sí Medellín, àyà rẹ̀ gbòòrò ju ti ẹlòmíì lọ. Òkè tẹ̀ lé wọn lọ, nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn.

KóòṣìTáíwò:
Èyí wọ̀ mí lọ́kàn, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Kí OlóhùnÀárọ̀ sọ ọ́ báyẹn gan-an.

Ṣadé_Aṣọ́lé:
Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ òkè, ẹ ò tíì sọ ti ènìyàn. Èmi náà ṣọ́lé rí ní yunifásítì, torí náà ti àwọn tó wọ bàtà ni mo máa ń wá kọ́kọ́.

Freddy Ternero ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Kì í ṣe àwọn ọmọdé tí ayé ń du ló kó jọ. Germán Carty tó jẹ góòlù jù nínú ìdíje náà, góòlù mẹ́fà, ọmọ ọdún 35 ni. Ọdún 35! Óscar Ibáñez ló wà lẹ́nu àwọ̀n, Ajẹntínà ni wọ́n ti bí i, ó sì ti di ọmọ Perú. Àwọn bí Carty, tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń wò pé àkókò wọn ti kọjá, pọ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń ti ẹnu Ternero jáde: “Sí se puede.” Ó ṣeé ṣe. Gbogbo Perú ló gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó di orin lórí ìjókòó. Tí ẹ bá lè mú kí àwọn ọmọ ilé ìwé kan pe “Ó ṣeé ṣe” lẹ́yìn ohùn yín, á dùn.

Alẹ́ Arequipa wá ńkọ́. Òdo sí òdo títí ó fi kù díẹ̀ kí ó parí. Ní ìṣẹ́jú 78, wọ́n rí fírí kíìkì. Carlos Lugo, ará Paraguay tó ń gbá ẹ̀yìn, ló gbá a. Àwọ̀n mì. 1-0. Káàdì pupa méjì ni Cienciano gbà lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí réfírì fi máa fọn fèrè ìparí, mẹ́sàn-án péré ló kù fún wọn lórí pápá, wọ́n sì di góòlù kan yẹn mú. Mo ti wo ìṣẹ́jú ìparí yẹn lórí YouTube tó ìgbà mẹ́wàá. Ibáñez ni mo máa ń wò, mi ò wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wo bó ṣe ń to àwọn tó wà níwájú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó mọ ẹni tó ti rẹ̀.

Ternero wá di alága ìjọba ìbílẹ̀ San Martín de Porres ní Lima lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó kú ní 2015.

Ọmọ_Arìnrìn_Èdè:
Ọ̀rọ̀ pípè nìyí. Cienciano: “Siẹn-siá-no,” ẹ gbé ohùn sókè lórí “siá.” Ẹ má pè é ní “Siyẹnkáno.” Cusco: “Kús-ko.” Arequipa: “Are-kí-pa.” Ibáñez: “I-bá-nyẹs,” ẹ tẹ “bá” mọ́lẹ̀. Ternero: “Tẹr-né-ro.” Yorùbá ń ràn wá lọ́wọ́ níbí, fáwẹ́lì wọn sún mọ́ tiwa, torí náà ẹ má gba ti Òyìnbó kọjá kí ẹ tó pè é. Ẹ pè é tààrà.

Ohun kan tún wà. Orúkọ ìnagijẹ wọn ni “El Papá,” àwọn kan á fi gùn sí “El Papá de América.” Bàbá Amẹ́ríkà. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn olùgbọ́, kò ní ṣòro rárá.

Àkàndé_Líìgì:
Ìkìlọ̀ o. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló wà ní Cusco tí àwọn ènìyàn ń dà pọ̀, mo sì ti gbọ́ àṣìṣe yìí lórí tẹlifíṣọ̀n gan-an. Cienciano ni ti 1901. Deportivo Garcilaso ni ọ̀tá wọn láti ọjọ́ pípẹ́, 1957 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun náà ní ilé ìwé tirẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, ilé ìwé méjì ló pàdé. Ẹ̀kẹta ni Real Garcilaso, 2009 ni wọ́n dá a sílẹ̀, lónìí Cusco FC ló ń jẹ́. Kì í ṣe ọ̀kan pẹ̀lú Deportivo Garcilaso. Tí ẹ bá rí i kà pé “Garcilaso” ṣe ipò kejì nínú líìgì Perú ní 2012 àti 2013, Real nìyẹn.

Ó wá burú sí i nítorí pé orúkọ pápá ìlú náà ni Inca Garcilaso de la Vega. Òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Cusco ní 1539 nìyẹn: bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gágun Sípéènì, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba Inca. Orúkọ ọkùnrin kan ni gbogbo wọn ń jẹ, Cienciano nìkan ló yàtọ̀.

BàbáMapó:
Àkàndé, o ṣeun. Mo rántí ohun mìíràn. Ọmọ mi, sọ fún wọn pé Cusco ni olú ìlú ìjọba Inca kí Sípéènì tó dé, kí àwọn Òyìnbó tó lọ kọ́ Lima sí etí òkun. O lè fi wé Ifẹ̀ kó lè yé wọn.

Ọmọ_Arìnrìn_Èdè:
Ẹ má bínú, Bàbá, ibẹ̀ yẹn ni mi ò ti bá yín lọ. Cusco tó Cusco. Tí a bá sọ ọ́ di Ifẹ̀, Ifẹ̀ ni olùgbọ́ máa rí títí ètò á fi parí. Ẹ jẹ́ kó sọ nípa àwọn òkúta ńlá tí Inca gbẹ́ tí wọ́n bára mu láìsí sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n ṣì wà lábẹ́ àwọn ilé tí Sípéènì kọ́ lé e lórí. Ẹni tó bá rí ìyẹn lójú ọkàn á mọ ìdí tí ìlú náà kò fi gbà pé ìgbèríko Lima ni òun.

BàbáMapó:
Òótọ́ lo sọ. Mo gbé ti Ifẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò ní gbé kúrò ni ti 1976 nílé wa níbí. Ìbàdàn lo ti ń sọ̀rọ̀, ọmọ mi, ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars ti ìlú yìí ló sì kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà wá fún Nàìjíríà. Àwọn tó dàgbà tó mi ń gbọ́ rédíò rẹ. Gbólóhùn kan péré, wọ́n á mọ ohun tó ń ṣe àwọn ará Cusco lálẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù Kejìlá 2003 yẹn náà ni Enyimba ti Aba gba ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì Áfíríkà, ìgbà àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ Nàìjíríà.

Àkàndé_Líìgì:
Ẹ̀yin, ẹ má parí rẹ̀ sí 2003 o. Ní oṣù Kẹsàn-án 2004, wọ́n bá Boca Juniors gbá Recopa, ife tí ẹni tó gba Libertadores àti ẹni tó gba Sudamericana máa ń du, ní Fort Lauderdale ní Amẹ́ríkà, ibi tí ilẹ̀ àti òkun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Carlos Tevez jẹ góòlù fún Boca. Nígbà tí eré ti fẹ́ parí, Rodrigo Saraz dá a padà, 1-1. Pẹnáritì ló parí rẹ̀, Cienciano 4-2. River lọ́dún kan, Boca lọ́dún kejì.

Kí ẹ wá sọ èyí tó dùn mí jù. Líìgì Perú, wọn kò gbà á rí. Ní 2001, wọ́n dé àṣekágbá, Alianza Lima wá gba ife náà nílé wọn ní Cusco pẹ̀lú pẹnáritì, lọ́dún tí Alianza pé 100 ọdún. Cienciano náà pé 100 ọdún lọ́dún yẹn, ẹ ṣírò rẹ̀. Ní 2005, Sporting Cristal ló borí wọn nínú àṣekágbá. Ní 2006, Alianza lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 2015, ọdún tí Ternero kú, wọ́n jábọ́ sí ìpele kejì. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó borí ìpele kejì ní 2019 tí wọ́n fi padà sókè.

Ṣadé_Aṣọ́lé:
1901 fún Alianza àti Cienciano! Mi ò ronú kan ìyẹn rí. Ọ̀kan gba ìgbà ìdùnnú rẹ̀ lọ́wọ́ èkejì.

OlóhùnÀárọ̀:
Ẹ̀yin ará, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Bí mo ṣe tò ó nìyí. Mo fi èémí bẹ̀rẹ̀, bí Ẹ̀gbọ́n Adéọlá ṣe wí. Lẹ́yìn náà ilé ìwé 1825 àti 1901. Mo sáré kọjá títí dé 2001, mo sọ ti pẹnáritì Alianza, kí wọ́n lè mọ ẹgbẹ́ tó wọ 2003. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko ni mo fún Santos, Medellín, Buenos Aires àti Arequipa. Boca, ìṣẹ́jú méjì. 2015 sí 2019, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Gbólóhùn Shooting Stars wọlé kí Lugo tó gbá fírí kíìkì, kí àwọn àgbà lè di ọwọ́ ara wọn mú.

Mo ti kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí: “Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Lónìí, Bàbá ni wọ́n ń pè é.” Ṣé ó dára?

KóòṣìTáíwò:
Ó dára gan-an. Kìkì pé ẹ sọ iye góòlù Buenos Aires lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ lè má gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Ọmọ_Arìnrìn_Èdè:
Ẹ fi “Amẹ́ríkà” kún “Bàbá,” àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á rò pé ọjọ́ orí lẹ ń sọ.

BàbáMapó:
Sátidé wo ni, aago mélòó? Kí n sọ fún àwọn tí a jọ ń ta ayò.

OlóhùnÀárọ̀:
Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, Bàbá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n Adéọlá, ṣé ẹ lè fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi, ibi tí ẹ ti ń sọ ti àtẹ̀gùn yẹn? Ẹnu yín ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Adéọlá_Onírìnàjò:
Lálẹ́ òní. Jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sùn.